Àwòdì, Aṣọ́lé Tó Tún Ń Ju Ọ̀kọ̀

Awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá rẹ̀, ọkùnrin náà sì fẹ́ràn àwàdà ju oúnjẹ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti béèrè ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, èsì kan náà ló máa ń fún un: "Èmi ń wa ọkọ̀, ọmọ mi ń ju ọ̀kọ̀. Ẹ ṣáà bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má gbàgbé ọkọ." Yóò bú sẹ́rìn-ín, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ gbàà, àfi bíi pé ìgbà àkọ́kọ́ tí òun náà ń gbọ́ ọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà lásán. Ọmọ náà ń ju ọ̀kọ̀ lóòótọ́, ọ̀kọ̀ gígùn tí wọ́n ń jù níbi ìdíje, tó jẹ́ pé ẹni tó bá jù ú jìnnà jù ló ń gba ẹ̀yẹ. Ó sì tún ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ilé ẹ̀kọ́ wọn. Eré méjì, ara kan ṣoṣo. Àwòdì ni wọ́n ń pè é ní pápá, nítorí bí bọ́ọ̀lù bá ti ń fò bọ̀ lókè, bí àwòdì ṣe ń gbé òròmọdìẹ ló ṣe ń gbé e.

Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ní òun ti rí àmì rẹ̀ láti kékeré. Bí rílì òwú bá yí bọ́ lórí máṣíìnì, kì í dé ilẹ̀. Ọmọ tó jókòó sábẹ́ tábìlì tó ń fi àkísà aṣọ ṣeré á ti nawọ́ mú un, kò tiẹ̀ ní gbójú sókè. "Mo rò pé òwú ló fẹ́ràn," ni ìyá náà máa ń wí. "Àṣé mímú un ló fẹ́ràn."

Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ló lọ kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ mọ̀ níbẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn jẹ́ ọkùnrin sísanra kan tí wọ́n ń pè ní Fèrè, torí fèrè kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní ó máa ń fọn ún lójú oorun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àwòdì gbá bọ́ọ̀lù mú lẹ́nu ilé, ó rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó dá dúró lókèèrè, ó sì fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sí i. Bọ́ọ̀lù kọjá ìlà àárín pápá, ó kọjá ẹni tí wọ́n ń jù ú sí, ó lọ ba obìnrin tín-ín-rín kan lẹ́yìn níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ tó ń fi okùn wọn ilẹ̀.

Obìnrin yìí ló ń kọ́ àwọn tó ń ju ọ̀kọ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí ó tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì máa ń gún ni. Kò pariwo. Ó gbé bọ́ọ̀lù náà, ó la àárín pápá kọjá bí eré ṣe ń lọ lọ́wọ́, ó wá dúró níwájú ilé.

"Ìwọ lo ju eléyìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, mi ò rí yín ni."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o rí mi. Ọwọ́ wo lo fi jù ú?"

Àwòdì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Obìnrin náà fi ìka tẹ èjìká rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń wò ó bóyá èso ti pọ́n. "Wá rí mi láàárọ̀ ọ̀la. Má jẹun yó."

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí Fèrè àti Abẹ́rẹ́ kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Pápá kan náà ni wọ́n jọ ń lò, ẹnu ọ̀kọ̀ sì ń dá ihò sí koríko. Fèrè ní obìnrin náà fẹ́ sọ pápá òun di asẹ́. Abẹ́rẹ́ ní àwọn ọmọ Fèrè ló ń fi bàtà hú koríko bí adìẹ. Ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti ń rán èèyàn síra wọn, kò sì sẹ́ni tó rántí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Àwòdì wá di ońṣẹ́ tuntun.

"Sọ fún ọkùnrin yẹn pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ṣẹ́ ọ níka."

"Lọ sọ fún obìnrin yẹn pé ọ̀kọ̀ rẹ̀ máa yẹ̀ ọ́ léjìká."

Àwòdì á dé ọ̀dọ̀ Fèrè, á ní, "Wọ́n ní kí n kí yín." Á padà dé ọ̀dọ̀ Abẹ́rẹ́, á ní, "Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́."

Kí ojú tó là dáadáa, ọ̀kọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bọ́ọ̀lù. Láàárín méjèèjì, kíláàsì, níbi tó ti mọ bí èèyàn ṣe ń la ojú sùn. Abẹ́rẹ́ kọ́ ọ pé ọwọ́ kọ́ ló ń ju ọ̀kọ̀, ẹsẹ̀ òsì tó tẹlẹ̀ ṣinṣin ni. Fèrè kọ́ ọ pé aṣọ́lé tó bá ń wo bọ́ọ̀lù nìkan ti pẹ́. Ìbàdí ẹni tó fẹ́ gbá a ni kó máa wò. Kò jẹ́ sọ fún ẹnì kankan nínú wọn pé ẹ̀kọ́ ẹnì kejì ń ran òun lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ìgbà tó mọ ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni fífò rẹ̀ lẹ́nu ilé tó gún régé.

Ní ọdún tó fẹ́ jáde, ẹgbẹ́ wọn gba ife ẹ̀yẹ. Pẹnáritì ni wọ́n fi parí rẹ̀, Àwòdì sì lé èyí tó kẹ́yìn jáde pẹ̀lú orúnkún, ohun tí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ rí. Ní oṣù yẹn kan náà, ó ṣe ipò kejì nínú ọ̀kọ̀ jíjù, ìbú àtẹ́lẹwọ́ ló wà láàárín òun àti ẹni tó gba góòlù. Àwòrán rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn. Bàbá rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ọkọ̀, lókè orí rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì jókòó ti ọkùnrin náà lójú ọ̀nà kò ní sọ̀ kalẹ̀ láìgbọ́ ìtàn pẹnáritì.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà pín sí méjì. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan ní ìlú òkèèrè ní kó wá bá àwọn ṣọ́lé. Àwọn tó ń kó àwọn eléré jọ fún orílẹ̀-èdè wọn ní kó wá sí àgọ́ àwọn wá máa ju ọ̀kọ̀. Kò lè ṣe méjèèjì mọ́. Ó mú bọ́ọ̀lù. Ó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ pé, "Màámi, ọ̀kọ̀ ò ní ẹlẹgbẹ́. Tí mo bá jù ú tán, èmi nìkan náà ni màá rìn lọ mú un wá."

Nígbà tó sọ fún Abẹ́rẹ́, obìnrin náà kò bínú, kò sì kí i kú oríire. Ó yíjú padà, ó lọ ń fa àwọn ọ̀kọ̀ tó gúnlẹ̀ kiri pápá tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń fa ọ̀kọ̀ tu ló ń fi gìgísẹ̀ tẹ ihò rẹ̀ dí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ìlú òkèèrè, aṣọ́lé kejì ni wọ́n fi ṣe. Aṣọ́lé kejì kì í ṣe nǹkan kan ju pé kó wọṣọ kó jókòó. Ẹni tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ló mọ bí òjò ṣe ń tutù tó. Ẹni tó ń sáré kò mọ̀ ọ́n. Ó fara dà á títí sáà náà fi parí, torí aṣọ́lé àgbà fẹ́ fẹ̀yìn tì, akọ́nimọ̀ọ́gbá sì ti pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan pé, "Sáà tó ń bọ̀, tìẹ ni." Ó lọ ra ìbọ̀wọ́ tuntun. Ó ń fi í sùn.

Ìgbà yẹn ni ìyá rẹ̀ pè é. "Bàbá rẹ ṣubú." Ó ń gun ọkọ̀ láàárọ̀ ni, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn, ọwọ́ ọ̀tún sì kọ̀, kò di irin mú. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni.

Àwòdì gba ààyè ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì wọkọ̀ lọ sílé.

Ọkùnrin gìrìwò tó fi sílẹ̀ ló bá lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún sùn sórí àyà bí ohun tí ẹlòmíì gbàgbé síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń dá gbé e dìde, tó ń dá a yí, tó ń sáré padà sídìí máṣíìnì. Ìbàdí tirẹ̀ náà ti ń ké. Ní ọsibítù, obìnrin kan tó ń tọ́jú iṣan fi bí wọ́n á ṣe máa na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ náà hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n máa ṣe é lójoojúmọ́ nílé. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Bí Àwòdì bá ti mú ọwọ́ rẹ̀, á yíjú sí ògiri.

"Bàámi, ẹ jẹ́ ká gbìyànjú díẹ̀."

"Ṣé ... èmi ... ni bọ́ọ̀lù?"

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kọ́ ló dun Àwòdì jù. Àwàdà tó ti kúrò nílé ló dùn ún. Ọkùnrin tó ń pa ọlọ́pàá ojú ọ̀nà lẹ́rìn-ín ló wá ń dùbúlẹ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, tó ń ka igi àjà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó jókòó tì í tó ń lé eṣinṣin, ó rí i pé bàbá náà ti sùn lọ, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ń yí díẹ̀díẹ̀ lórí aṣọ ìbora. Ó ń yí sí ọ̀tún, ó ń dá a padà. Àwòdì wò ó títí. Ìgbà tó ṣe ló yé e: ọkùnrin yìí ń ya kọ́nà ni.

Ó dìde, ó lọ bá mẹkáníìkì tó máa ń tún ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ṣe, ó ní òun ń wá sítíárìn ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tó ti kú.

"Sítíárìn nìkan?" ni mẹkáníìkì wí. "Ṣé díẹ̀díẹ̀ lo fẹ́ máa ra ọkọ̀ náà ni?"

Nígbà tó gbọ́ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá sílé, ó dè é mọ́ orí igi kan tó dúró ṣinṣin níwájú bẹ́ẹ̀dì. Àwòdì gbé ìrọ̀rí sẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó gbé e jókòó, ó fi àjákù aṣọ láti ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ so ọwọ́ ọ̀tún tó rọ náà mọ́ sítíárìn, ó fi ọwọ́ òsì lé ẹ̀gbẹ́ kejì. Òun náà wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàámi, ẹrù ti kún. Níbo là ń lọ?"

Bàbá wo sítíárìn. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ ... lọmọ ọkọ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Ti ... ilẹ̀kùn."

Àwòdì nawọ́, ó ti ilẹ̀kùn tí kò sí níbẹ̀ gbàà, ọkọ̀ sì gbéra.

Láti ọjọ́ náà, wọn kì í gbélé. Láàárọ̀, wọ́n á gbé símẹ́ǹtì lọ. Lọ́sàn-án, wọ́n á gbé pákó bọ̀. Bàbá ń pe gbogbo ojú ọ̀nà níkọ̀ọ̀kan, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta, kọ́nà tí igi ńlá bò, afárá tóóró tí ọkọ̀ méjì ò lè gbà pọ̀, bó sì ṣe ń pè wọ́n ni ahọ́n rẹ̀ ń tú. Bí Àwòdì bá ní, "Ẹ yà sọ́tùn-ún," nígbà tí kò tó àkókò, á kígbe mọ́ ọn, "A ò tí ì dé afárá! Ṣé o fẹ́ pa wá ni?" Ọwọ́ ọ̀tún náà kọ́kọ́ ń wọ́ tẹ̀lé èkejì bí ọmọ tí wọ́n ń fà lọ síléèwé, títí di ọjọ́ kan tí Àwòdì tú aṣọ tó fi so ó, tí àwọn ìka sì dúró síbẹ̀. Àwọn oníbàárà tó wá ran aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù iwájú á gbọ́ "pọ̀ọ̀n! pọ̀ọ̀n!" láti inú yàrá, wọ́n á máa wo ojú aránṣọ. "Ọkọ mi ni," ni ìyá á dáhùn láìdúró lórí ẹ̀rọ. "Ó wà lójú ọ̀nà."

Ọ̀sẹ̀ méjì ti di ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwòdì ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìnkùlé nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ pè é. Kì í ṣe èèyàn búburú. "Àwòdì, sáà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ti bá ọ di àyè yẹn mú débi tí agbára mi mọ. Ọmọ kan wà níbí tó ń ṣe dáadáa. Ṣé o ń bọ̀ ni àbí o ò bọ̀?"

Láti ibi tó dúró sí, ó ń rí bàbá rẹ̀ lójú fèrèsé. Ọkùnrin náà ń dá wakọ̀, ó ń bú awakọ̀ kan tí kò sẹ́ni tó rí i.

"Ẹ fún ọmọ náà láyè yẹn, sà," ló wí.

Ìyá rẹ̀ ti jáde sẹ́yìn rẹ̀. "Ta ló ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀? Èmi ni mo fẹ́ ẹ, ìwọ kọ́. Lọ di ẹrù rẹ."

"Màámi, ta ló máa máa gbé wọn dìde?"

"Ọlọ́run á gbé e."

"Ṣé Ọlọ́run ni ìbàdí ń dùn ni, àbí ẹ̀yin?"

Ìyá gba aṣọ tútù tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá a sá a.

Àwọn ará àdúgbò ní ọmọ gidi ni, ọmọ tó mọ ìtọ́jú òbí. Ìyìn náà kò bá a lára mu, bí aṣọ tí wọ́n rán fún ẹlòmíì. Ó mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú òun dúró. Ó sì mọ̀ pé ẹ̀rù ti ń ba òun díẹ̀: bí wọ́n bá fún òun láṣọ aṣọ́lé àgbà tán, tí bọ́ọ̀lù wá ń wọlé ńkọ́? Èwo ló pọ̀ jù nínú méjèèjì, kò mọ̀. Ẹni tó bá ti da iyọ̀ sómi kò lè ṣà á mọ́. Ní ọjọ́ tó rí i tí ìyá rẹ̀ fi ìbọ̀wọ́ tuntun yẹn gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ sunkún.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, Fèrè gbọ́ ìròyìn, ó gbé ọsàn wá. Kò mọ̀ pé Abẹ́rẹ́ náà ti ń bọ̀ pẹ̀lú okùn rọ́bà tí àwọn eléré fi ń na iṣan. Ẹnu ọ̀nà yàrá ni wọ́n ti ṣe kòńgẹ́. Wọ́n wọlé, wọ́n kí bàbá àti ìyá dáadáa, àmọ́ wọn ò kí ara wọn. Àwòdì ní òun fẹ́ gbé Bàámi dìde kí wọ́n lè rí i, ni ìjà bá dé.

"Àwòdì, sọ fún obìnrin yìí kó sún, ẹ̀gbẹ́ tó le là ń dì mú gbé èèyàn dìde."

"Àwòdì, sọ fún ọkùnrin yìí pé ẹ̀gbẹ́ tó rọ ni, àfi tó bá fẹ́ kó tún ṣubú."

"Àwòdì, bi í bóyá òun ni dókítà."

Ohùn kan dún láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ bá ara yín ... sọ̀rọ̀. Ọmọ mi kì í ṣe ... fóònù."

Ìyá ti aṣọ bọ ẹnu kí ẹ̀rín má bàa tú. Fèrè wo ilẹ̀, ó wá yíjú sí Abẹ́rẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún gbọọrọ.

"Ṣé ... ẹ̀gbẹ́ tó rọ ni?"

"Ẹ̀gbẹ́ tó rọ ni."

Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó rọ, Abẹ́rẹ́ lọ sí èkejì. Wọ́n gbé ọkùnrin náà dúró, ó sì fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ láti ìdí bẹ́ẹ̀dì títí dé ẹnu ọ̀nà, òógùn bò ó. Bó ṣe fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, Fèrè ò mọ̀gbà tó fọn fèrè ẹnu rẹ̀ fíì.

"Kí ló dé?" ni bàbá béèrè. "Ṣé mo ti ... jẹ góòlù ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àwòdì ní òun fẹ́ lọ bomi wá. Ó pẹ́ nídìí omi náà.

Bàbá fi ọ̀pá rìn níkẹyìn, ó sì ń rìn dáadáa, ṣùgbọ́n kò wa ọkọ̀ mọ́. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ kọjá lójú títì pẹ̀lú awakọ̀ tuntun, ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó dẹ etí sí i títí ìró rẹ̀ fi lọ. "Kò mọ jíà yí," ló sọ.

Ọ̀rọ̀ sítíárìn ti tàn kálẹ̀. Ìyàwó bíríkìlà kan gbé ọkọ rẹ̀ tó ní irú àìsàn yẹn wá, ó ní kí Àwòdì bá òun kọ́ ọ. Ó fún ọkùnrin náà ní yanrìn tútù àti ọkọ́ ìrẹ́lé, ó ń bá a ṣe é, ó ń dára, àfi bí ara ọkùnrin náà ṣe rọ lójijì lọ́jọ́ kan, tó dákú sí i lọ́wọ́. Wọ́n sáré gbé e dé ọsibítù, ó yè é. Obìnrin tó ń tọ́jú iṣan níbẹ̀ fa Àwòdì jókòó.

"Ọwọ́ rẹ dára, ìwọ ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yẹn ti lọ sókè láti àárọ̀, o ò sì mọ bí a ṣe ń wò ó. Tí o bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, lọ kàwé rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, òótọ́ ni. Ó padà sí yunifásítì láàárín àwọn ọmọ tó ń pè é ní Àǹtí, ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò àkọ́kọ́, ó tún un ṣe, ó sì yege. Lọ́jọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí, Fèrè àti Abẹ́rẹ́ wá. Inú mọ́tò kan náà ni wọ́n ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń jiyàn lórí ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n gbà wá.

Ọsibítù tó ti wá ń ṣiṣẹ́ ló ti rí ọkọ. Ọkùnrin oníbúrẹ́dì kan ló gbé ìyá rẹ̀ tó ṣẹ́ ní ìbàdí wá fún ìtọ́jú, búrẹ́dì gbígbóná kì í sì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá ń bọ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì náà gbádùn, ó ń dá rìn lọ sílé, oníbúrẹ́dì ò yéé wá. "Ìbàdí ta ló kù tó ń dùn?" ni ìyá rẹ̀ bi í. Ọkùnrin náà kò rí Àwòdì lórí pápá rí, kò mọ ìyàtọ̀ pẹnáritì àti kọ́nà, Àwòdì sì fẹ́ràn ìyẹn. Níwájú rẹ̀, kò sí ẹni tó yẹ kí òun ti dà.

Ìrora bọ́ọ̀lù tó fi sílẹ̀ ò tán pátápátá. Ní ọdún tí ọmọ tó gba àyè rẹ̀ ṣọ́lé fún orílẹ̀-èdè, ó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú àwọn aláìsàn, bọ́ọ̀lù kan sì bọ́ mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní ìyá àgbà òun ìbá mú un. "Oòrùn wà lójú rẹ̀," ni Àwòdì dá a lóhùn kíákíá, "kò rọrùn bẹ́ẹ̀." Nígbà tí ọmọ náà mú èyí tó tẹ̀ lé e, òun ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ó bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà kò bìkítà fún eré kankan. Ó fẹ́ràn oorun àti búrẹ́dì bàbá rẹ̀. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọn ṣe eré ìdárayá, wọ́n fi í sínú eré sísá tipátipá, Àwòdì sì ti búra fún ọkọ rẹ̀ pé òun ò ní pariwo. Wọ́n fọn fèrè, àwọn ọmọ ta sí i. Ní ìdajì ọ̀nà, ọmọ tirẹ̀ dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sókè.

"Gbé ẹsẹ̀!" ni Àwòdì kígbe, gbogbo àwọn òbí yíjú wò ó. "Wo iwájú! Gbé ẹsẹ̀ ńlẹ̀!"

Ọmọ náà fa ìbọ̀sẹ̀ kejì pẹ̀lú kí wọ́n lè dọ́gba, ó wá sáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ dé ìlà lẹ́yìn gbogbo èèyàn, ó sì tọ ìyá rẹ̀ wá tààrà.

"Màámi, ẹ má bínú, mo ti débẹ̀. Ṣé búrẹ́dì ṣì kù nínú báàgì?"

Ó kù. Àwòdì bù ú fún un, ó bu tirẹ̀ náà, wọ́n sì jókòó sórí koríko wọ́n ń wo àwọn tó kàn.